Àkọsílẹ̀ Méjì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Kan

Ìkirè,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Kòfowórọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ilẹ̀ yẹn ò pọ̀ jù fún ọ? Àwa náà wà ní tiwa. Ọyẹ́ ṣì ń jà níbí, ètè gbogbo wa ti là. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti tún ń lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

O mọ̀ pé n kì í bá ọ sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ fóònù a máa sá lọ. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì kí o tó fèsì. Jọ̀wọ́, ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Àìkú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, mi ò tíì bọ́ agbádá, ni Sàlámọ̀tù aránṣọ, ìyá Nasrullah, bá wọlé. Ọ̀kadà ló gùn láti Àpòmù. Ìyá rẹ gbé omi fún un, kò gbà á. Ó ní kó jókòó, kò jókòó. Ó kọjú sí mi, ó ní:

“Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ mi níwèé? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí Kòfo bá a wá iṣẹ́ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́? Kí ló wá dé tí Kòfo fi lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá títí wọ́n fi lé e?”

Mo ní kí ni ọmọ náà ṣe. Ó ní ọmọ òun ò ṣe nǹkan kan. Ó ní ẹ̀rọ ló dárúkọ rẹ̀, ìwọ sì gbè sẹ́yìn ẹ̀rọ.

N kò mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń dárúkọ èèyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oṣù méje péré ni Nasrullah lò níbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló gbé e dé ìlú òyìnbó, ìyá rẹ̀ sì ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì kó tó rí owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀. Mo sọ fún un pé n kò bí ọmọ tó ń dalẹ̀. Ó wò mí, ó sì lọ.

Kòfo, kí ló ṣẹlẹ̀?

Èmi ni bàbá rẹ,
Moses Akíndèjì.


Manchester,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi orúnkún yẹn gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì láìlo ọ̀pá. Mo wà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ Nasrullah dùn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àmọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ kọ́ ló rí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ mọ̀ pé àwa la kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìtajà oògùn fi ń kọ orúkọ oníbàárà àti oògùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe é, èmi sì ni olórí. Nínú iṣẹ́ yìí, a máa ń kọ àdéhùn kan sílẹ̀ ná. Àdéhùn náà kì í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó kàn ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ Olùpamọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe nǹkan mẹ́ta: kó lè mú àkọsílẹ̀ oníbàárà wá, kó lè fi í pamọ́, kó sì lè pa á rẹ́. Ẹlòmíràn á wá kọ fáìlì tó máa ṣe nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni mo kọ àdéhùn. Nasrullah ló kọ fáìlì tó ń mú un ṣẹ.

Kí kọ̀ǹpútà tó lè lo gbogbo ohun tí a kọ, ètò kan wà tó ń jẹ́ kọ̀ǹpáílà tó máa kọ́kọ́ kà á láti òkè délẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ka ìwé ìdánwò. Bí ohun kan kò bá bá àdéhùn mu, á dá gbogbo rẹ̀ dúró, á sì sọ fáìlì tí àṣìṣe wà àti ìlà tó wà.

Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kìíní, iṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ogóje ilé ìtajà oògùn kó tó di aago méjìlá ọ̀sán. Ní aago mẹ́wàá, kọ̀ǹpáílà kọ̀. Ó ní fáìlì Nasrullah kò mú àdéhùn ṣẹ. Nasrullah sì fọwọ́ kan fáìlì yẹn ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀. Susannah, ọ̀gá wa, dúró sí ẹ̀yìn mi. Ó ní, “Iṣẹ́ ta ni?” Mo ní, “Ti Nasrullah ni.” Bàbá, ṣé irọ́ nìyẹn?

Kò sí àkókò. A kó gbogbo iṣẹ́ padà sí bó ṣe wà ní oṣù tó ṣáájú, ọ̀sán sì ti lọ. Oníbàárà méjì ní àwọn ò ṣe mọ́. Nasrullah ṣì wà lábẹ́ ìdánwò, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan nítorí pípẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Susannah pè é, ó ní kó máa lọ.

Kì í ṣe èmi ni mo lé e. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Nasrullah pé kí wọ́n má bínú, àmọ́ àṣìṣe ọmọ wọn ni.

Ọmọ yín,
Kòfo.


Ìkirè,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Kòfo ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn pé o ṣàlàyé. Mo gbà ọ́ gbọ́.

Ní ọjọ́bọ̀ mo lọ sí Àpòmù. Ìsọ̀ Sàlámọ̀tù kún, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Ó yẹ kí n pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ti bí mi láti ọjọ́ tó ti dúró lé mi lórí nínú ilé mi. Ojúde ìsọ̀ ni mo dúró sí, mo sì sọ ọ́ jáde bó ṣe wà lọ́kàn mi. Mo ní, “Sàlámọ̀tù, ọmọ rẹ ló ṣi iṣẹ́ ṣe. Má parọ́ mọ́ ọmọ mi mọ́.” Àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yíjú wò wá.

Kò bá mi jà. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní kí Fáìzàh, àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ka àtẹ̀jíṣẹ́ kan fún mi. Ọ̀dọ̀ Nasrullah ló ti wá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Màámi, mi ò fọwọ́ kan àdéhùn yẹn. Ìlà kan ṣoṣo ni mo tún ṣe nínú fáìlì mi lálẹ́ yẹn, kò sì kan ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ fún Àǹtí Kòfo lójú Susannah, wọ́n ní kí n dákẹ́.” Ó tún kọ ọ́ pé ọgọ́ta ọjọ́ ni ìjọba ibẹ̀ fún òun láti rí iṣẹ́ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí òun máa bọ̀ nílé.

O kò sọ fún mi pé ó sọ̀rọ̀. O kò sọ fún mi pé o ní kó dákẹ́.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi máàkì ìwé ìdánwò. N kì í gbọ́ láti ẹnu ọmọ pé ó gba ìbéèrè kan tàbí pé ó ṣì í. Ìwé rẹ̀ ni mo máa ń kà. Kọ ohun tí ẹ̀rọ náà sọ ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo rẹ̀ o, kì í ṣe ìtumọ̀ tí ìwọ fún un.

Bàbá rẹ.


Manchester,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá Àpòmù. Inú mi ò dùn pé ẹ lọ síbẹ̀, pàápàá tó jẹ́ lójú èrò.

Lóòótọ́ ni Nasrullah sọ̀rọ̀, mo sì ní kó ní sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó. Ó ku wákàtí kan àbọ̀, ọ̀gá dúró sí yín lẹ́yìn, oníbàárà ń pe fóònù. Gbogbo ẹni tí àṣìṣe bá kàn ló máa ń ní òun kọ́.

Ohun tí kọ̀ǹpáílà sọ nìyí. Mo tú u sí Yorùbá fún yín, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan:

“Fáìlì Ilé-ìpamọ́, ìlà igba ó lé méjìlá. Ilé-ìpamọ́ kò mú àdéhùn Olùpamọ́ ṣẹ. Iṣẹ́ Mú-wá kò rí bó ṣe yẹ. Ohun tó wà: Mú-wá, tó ń dá Àkọsílẹ̀ padà. Ohun tí a fẹ́: Mú-wá, tó ń dá Àkọsílẹ̀ padà.”

Ó tán. Ilé-ìpamọ́ yẹn ni fáìlì Nasrullah. Ẹ ti rí i báyìí.

Bàbá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí da ara yín láàmú mọ́. Iṣẹ́ yìí jinlẹ̀, kò lè yé yín.

Kòfo.


Ìkirè,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Kòfowórọlá,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ.

O ní kò lè yé mi. Ó ṣeé ṣe. Ìyá rẹ ní kí n má fèsì sí ìyẹn, nítorí náà n kò ní fèsì sí i.

Mo da ìwé àṣìṣe náà kọ sórí bébà mìíràn, mo kọ ìlà méjì tó kẹ́yìn sábẹ́ ara wọn, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń tọ ọ́ nígbà tí ọmọ méjì bá jí ìwé ara wọn wò. Ohun tó wà àti ohun tí a fẹ́, ọ̀kan náà ni. Lẹ́tà kan ò yàtọ̀. Mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó, òun náà ò rí ìyàtọ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n bu omi wá fún mi, tí wọ́n bu omi wá, tí mo ní kì í ṣe omi, ṣé ẹni tó bu omi wá ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀, àbí èmi?

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tí mò ń kọ́ kíláàsì kẹta ní Àpòmù, wọ́n gbé orúkọ àwọn tó sá níbi iṣẹ́ ọgbà wá fún mi. Adépọ̀jù wà nínú wọn. Mo pe Adépọ̀jù jáde, mo nà án ní ẹgba mẹ́fà. Ó ń sọ pé, “Sà, èmi kọ́ o, èmi kọ́ o.” Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Ìgbà tó di ọ̀la ni mo rántí pé Adépọ̀jù méjì ló wà ní kíláàsì yẹn, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn ò tilẹ̀ wá láti ìlú kan. Orúkọ tó wà nínú ìwé kò ṣì. Èmi ni n kò béèrè pé èwo ni. Adépọ̀jù tí mo nà ń tún mọ́tò ṣe ní Wásinmi báyìí. Tó bá rí mi, á kí mi, àmọ́ kì í wo ojú mi.

Ìbéèrè mi nìyí, ọ̀kan ṣoṣo ni. Àkọsílẹ̀ tó wà àti Àkọsílẹ̀ tí a fẹ́, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ṣé baba kan náà ló bí wọn?

Bàbá rẹ.


Ìkirè,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Kòfo,

Ó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí mo ti kọ̀wé, n kò rí èsì. Mo rí i lórí fóònù mi pé o ti ka ìwé náà lọ́jọ́ tí mo fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀kan tí o gbé e, o ní o wà nínú ìpàdé.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ìyá rẹ gbé aṣọ Àjíǹde rẹ̀ lọ fún Sàlámọ̀tù kó bá a rán an, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Sàlámọ̀tù ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ó ká aṣọ náà padà sínú ọ̀rá, ó dá a padà fún un. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀. Ìyá rẹ rìn padà dé ibùdókọ̀ kó tó sunkún.

Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní pálọ̀, ìyá rẹ ti fi báírò yí ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ká. Ó ku ọjọ́ méjìdínlógún fún ọmọ náà.

N kò bi ọ́ pé ta ló jẹ̀bi. Ohun tí mo bi ọ́ ni pé ṣé baba kan náà ló bí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Bàbá rẹ.


Manchester,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Baba kan náà kọ́ ló bí wọn.

Ọjọ́ tí ìwé yín dé ni mo ti mọ̀. Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, inú bí mi, mo sì ní n ó ṣí iṣẹ́ náà wò kí n lè fi hàn yín pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń sọ. Mo dé ọ́fíìsì, mo wá Àkọsílẹ̀. Méjì ni mo rí. Ọ̀kan wà nínú fódà àtijọ́ tí gbogbo wa ń lò. Ìkejì wà nínú fódà tuntun, orúkọ èmi sì ló wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a sílẹ̀.

Èmi ni mo dá a sílẹ̀, Bàbá. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ fi ọjọ́ tí oògùn máa tán kún àkọsílẹ̀, n kò sì fẹ́ ba tàwọn yòókù jẹ́. Mo da Àkọsílẹ̀ kọ sínú fódà tuntun, mo tún un ṣe níbẹ̀, mo ní n ó pa ọ̀kan rẹ́ tó bá yá. Mo wá lọ yí àdéhùn padà kó máa béèrè tuntun. N kò pa ti àtijọ́ rẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ara mi, òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ gan-an ni mo tó pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn tó kù.

Fáìlì Nasrullah ń dá Àkọsílẹ̀ àtijọ́ padà bí a ṣe ní kó ṣe. Àdéhùn mi ń béèrè tuntun. Kọ̀ǹpáílà rí i pé wọn ò bára mu, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ orúkọ nìkan ló kọ, kò kọ fódà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ló sì na ìka sí, inú fáìlì Nasrullah nìyẹn. Ká ní mo ka ìlà méjì yẹn tán lọ́jọ́ yẹn, ká ní mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, à bá ti rí i.

Ìdí tí n kò fi fèsì nìyẹn. Wọ́n fẹ́ gbé mi ga ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù yìí, wọ́n sì ti gbé mi ga. Ìwé ìgbélùú èmi náà wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá lé mi, ọgọ́ta ọjọ́ tèmi náà bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la ni n ó lọ bá Susannah. Lánàá, mo tilẹ̀ gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní, “Kòfo, ṣé nǹkan kan wà?” Mo ní mo fẹ́ mọ ìgbà tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀ ni.

N kì í sùn dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n ṣe?

Kòfo.


Ìkirè,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Kòfowórọlá,

O mọ ohun tó yẹ kí o ṣe. Má bi mí kí n lè máa rò ó pẹ̀lú rẹ títí ọjọ́ á fi pé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá. Má kọ̀wé sí mi. Ọ̀gá rẹ ni kí o kọ̀wé sí.

Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ wálé. Yàrá rẹ wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ.


Manchester,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Bàbá mi, Màámi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ìmúra ọdún Àjíǹde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún, mo kọ gbogbo rẹ̀ sí Susannah. Mo fi Àkọsílẹ̀ méjèèjì hàn án, mo fi ọjọ́ tí mo dá ìkejì sílẹ̀ hàn án. Kò tó wákàtí kan tó fi pè mí wọlé. Ó ti tẹ ìwé mi jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú.

Ó ní, “Àṣìṣe yìí, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.” Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ó wá ní, “Ọjọ́ wo lo mọ̀?”

Mo ní, “Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì.”

Ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.” Kò pariwo. Ó ní kí n jáde, kí n ti ilẹ̀kùn.

Wọn ò lé mi. Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ mi, wọ́n gba ìgbéga tuntun náà, wọ́n sì fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Ẹni tí mo kọ́ ní iṣẹ́ ló wá di olórí mi báyìí. Mi ò ráhùn.

Susannah kọ̀wé sí Nasrullah lọ́jọ́ yẹn gan-an pé kò jẹ̀bi, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nasrullah ní òun dúpẹ́, òun ò padà. Ó ti rí ilé iṣẹ́ kan ní Leeds tó fẹ́ gbà á láti ìparí oṣù Kejì. Ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àná nìkan ló kù, kò sì sí ohun tó dáa nínú ìwé tí wọ́n kọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ìparí oṣù Kejì, Bàbá. Ó ti wà níbẹ̀, ó ń dúró, ní gbogbo àkókò tí mo fi dákẹ́. Ìwé tuntun Susannah ni wọ́n fi gbà á. Wọ́n fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba lánàá, ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Mo lọ bá Nasrullah ní Sátidé. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú yàrá kan lókè ilé ìfọṣọ. Ó ń gba ààwẹ̀, ètè rẹ̀ funfun. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó sún sẹ́yìn, ó ní, “Àǹtí, ẹ dìde jọ̀ọ́, àwọn wọ̀nyí ń wò wá.” Mo sọ gbogbo ohun tí mo bá lọ. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Mo ti gbọ́.” Mo dúró bóyá á fi nǹkan kan kún un. Ó ní, “Ṣé ẹ ti sọ fún ìyá mi?”

Mo ti pe Ìyá Nasrullah lẹ́ẹ̀mẹfà láti ìgbà náà. Wọn ò gbé e. Ọmọ wọn ti sọ fún wọn, mo mọ̀, àmọ́ kì í ṣe láti ẹnu mi.

N kò mọ bí mo ṣe lè ní kí ẹ lọ síbẹ̀, lẹ́yìn ohun tí mo ti mú kí ẹ lọ sọ. N kò ní kí ẹ lọ.

Ọmọ yín,
Kòfo.


Ìkirè,
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Kòfo ọmọ mi,

A kú ọdún Àjíǹde. Ìyá rẹ se ìrẹsì, àwa méjì la jẹ ẹ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ń gbàdúrà fún ọ, kí o sì máa jẹun.

Mo lọ sí Àpòmù ní Sátidé. Ìyá rẹ fẹ́ bá mi lọ, mo ní kó jókòó. Èmi nìkan ni mo lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ti sún mọ́lé, èrò kún ìsọ̀ Sàlámọ̀tù dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìzàh rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì wo ọ̀gá rẹ̀. Sàlámọ̀tù ò gbé orí sókè. Ó ń ṣẹ́ etí aṣọ ọmọdé kan.

Mo dúró síwájú ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ní, “Ìyá Nasrullah, ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ níbí nínú oṣù Kejì kì í ṣe òótọ́. Ọmọ yín ò ṣi iṣẹ́ ṣe. Ọmọ mi ló ṣe é. Nígbà tó sì mọ̀, ó dákẹ́. Mo wá bẹ̀ yín.”

Ó rán an dé òpin etí aṣọ náà. Ó já òwú. Ó ní, “Tíṣà, lọ́jọ́sí, inú ìsọ̀ kọ́ lẹ dúró sí. Ojúde lẹ wà. Àwọn tó wà níta náà gbọ́.”

Ohun tó ń sọ yé mi. Kòfo, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, mo kọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Mo jáde. Àwọn ọlọ́kadà wà níbẹ̀, obìnrin tó ń yan ẹ̀pà wà níbẹ̀, wọ́n ń já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan tó wá láti Ararọ̀mí-Òwu. Mo fi ohùn tí mo fi máa ń pe ọmọ lórí ìlà láàárọ̀ sọ ọ́. Mo dárúkọ Nasrullah, mo ní kò jẹ̀bi. Mo dárúkọ rẹ. Mo ní èmi Akíndèjì ló sọ ohun tí n kò wádìí. Ọlọ́kadà kan béèrè pé, “Kí ni Bàbá ń wí?” Fáìzàh ti dúró lẹ́yìn mi, òun ló dá a lóhùn: “Wọ́n ní Bùrọ̀dá Nasrullah ò jẹ̀bi. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn Sàlámọ̀tù lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ó tó, Tíṣà. Ẹ wọlé, oòrùn ń pa yín.”

Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kan dìde fún mi, mo jókòó. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la wà títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán, tó fi dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Kó tó wọlé kírun, ó yíjú sí mi. Ó ní Nasrullah pe òun lálẹ́ àná pé ìjọba ti gba ìwé náà wọlé, kò ní padà wálé. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ rẹ. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́ yìí, n kò yọ nǹkan kan, n kò sì fi nǹkan kan kún un: “Ẹ sọ fún Kòfo kó yé pe fóònù mi. Inú mi ṣì ń gbóná sí i. Tí ọdún bá kọjá, tí ọ̀sẹ̀ kan bá lé e, kó pè mí. Màá gbé e.”

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí ni mo kà á sí. Má pè é ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Bàbá rẹ,
Moses Akíndèjì.